Epìyà Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, púpọ̀ nínú yín ń pa epìyà létí ọ̀sà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹnu rẹ̀ kéré. Ìwọ̀ kékeré tí a fi ekòló sí ni ó yẹ ẹ́.

Nínú epìyà ọ̀sà, akọ ni ó ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọn yóò fi di ọmọ. Oúnjẹ rẹ̀ a dín kù nígbà náà, ìwọ̀ kì í sì í sábà mú un. Àwọ̀n ni ó ń kó o tòun tẹyin lẹ́nu; èyí tí ojú rẹ̀ há a tún kó ọmọ wẹ́wẹ́.

Bí ẹ bá yá owó ẹgbẹ́ ra àwọ̀n, ẹ ra olójú fífẹ̀. Ẹ dá ẹja ẹlẹ́yin lẹ́nu padà sómi. Ẹja ni a óò fi san gbèsè náà. Bí ó bá tán, kí ni a óò fi san án? Ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́kù, ni alájẹṣẹ́kù.