Ewéko Mẹ́ta, Orúkọ Kan

Ẹni tí ó bá ti rìn dé ọjà Mọ́kà tàbí ti Mọ̀dínà lè ti rí ewéko gbígbẹ kan lórí àtẹ àwọn tí ń ta egbòogi. Àwọ̀ eérú ni ó ní, ó sì ká jọ roboto bí ìgbà tí ọmọ ìkókó di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní Kaff Maryam, èyíinì ni àtẹ́lẹwọ́ Màríyámọ̀. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi, láàárín wákàtí díẹ̀ yóò là bí ọwọ́ tí ń ṣí. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n ti ń gbé e síwájú obìnrin tí ó ń rọbí. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa mu omi rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ́ mu, ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n dájú. Ewéko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ń pè ní róòsì Jẹ́ríkò, kò sì sí róòsì kankan nínú wọn.

Kaff Maryam gan-an ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, sọ ní Anastatica hierochuntica ní ọdún 1753. Anastatica wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àjíǹde. Hierochuntica ń tọ́ka sí Jẹ́ríkò. Orúkọ àkọ́kọ́ dà bí orúkọ agbo ilé, òun nìkan ni ó sì ń gbé inú agbo ilé náà. Ṣùgbọ́n ó ní ẹbí: ẹbí kábéèjì ni. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Òdòdó rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Òdòdó náà kéré, ó funfun, ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin tí ó dábùú ara wọn, fọ́nrán akọ inú rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin gùn, méjì kúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kábéèjì rí. Òdòdó àti èso ni a fi ń mọ ìbátan ewéko. Kíká jọ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ẹni méjì tí ó ká ọwọ́ lẹ́rán kò di ọmọ ìyá.

Láti Sahara, dé Íjíbítì, Sínáì àti ilẹ̀ Lárúbáwá, títí dé Iran ni ó ti ń hù. Òjò kan ni ó fi ń hù, tí ó fi ń tanná, tí ó fi ń so, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Ẹ̀ka rẹ̀ á wá ká bo èso, á sì pa irúgbìn mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ a máa yí i kiri aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ sábà máa ń dì í mú síbi tí ó hù sí. Bí òjò bá dé, ẹ̀ka yóò mu omi, yóò là, ẹ̀kán òjò yóò sì gbọn irúgbìn dànù. Òkú ewéko ni ó là bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn pákó ṣe ń wú nígbà òjò. Lójú tèmi, Linnaeus ti sọ àsọdùn díẹ̀ nínú orúkọ yẹn.

Èkejì, Pallenis hierochuntica, wà ní aṣálẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ẹbí ewúro ni tirẹ̀. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Ewé tí ó yí orí òdòdó náà ká ni ó ń padé, kì í ṣe ẹ̀ka.

Ẹ̀kẹta, Selaginella lepidophylla, jìnnà pátápátá. Aṣálẹ̀ Chihuahua ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kì í tanná, kì í so èso rárá, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń tà káàkiri ayé lórúkọ róòsì Jẹ́ríkò.

Bí wọ́n bá ti lọ̀ wọ́n kúnná, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Èyí tí ó jẹ́ ojúlówó pàápàá kò yẹ aboyún láti máa mu: ìwádìí tí wọ́n fi eku aboyún ṣe ní Malaysia fi hàn pé ó lè pa ọmọ inú lára. Igi dàbínù ni Kùránì mẹ́nu bà nínú ìtàn ìrọbí Màríyámọ̀. Kò mẹ́nu ba ewéko yìí.

Ẹni tí ó bá ní odidi ọ̀kan nílé lè rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó sì wò ó ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá là tí ó sì ń tutù yọ̀yọ̀ padà, ti Mẹ́síkò ni. Bí ó bá là ṣùgbọ́n tí àwọ̀ eérú rẹ̀ kò yí padà, kí ó wo ẹ̀ka rẹ̀ fínnífínní: èso Kaff Maryam kéré, ó sì ní etí méjì.