Ògbufọ̀ inú fóònù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́. Áàpù Nuru tí IITA lọ́wọ́ sí máa ń yẹ ewé ẹ̀gẹ́ wò, á sọ àrùn ara ẹ̀. TensorFlow ti Google ni wọ́n fi ṣe é. C++ ni wọ́n fi kọ inú TensorFlow, Java lọ̀pọ̀ áàpù Android ń sọ. Ó gba ògbufọ̀, bí ìgbà témi bá ń ná ọjà lọ́wọ́ ìyá tó gbọ́ Ẹ̀dó nìkan. JNI ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn. Àmọ́ oríṣi ṣípù fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ògbufọ̀ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ látinú fóònù ẹlòmíì, ó lè má ṣí rárá. Play Store ni kẹ́ ẹ ti mú un, kówó oko má bàa wọgbó.