Nígbà tí Ìjàpá bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́

Ìjàpá ni àwọn òbí wa ń pe Volkswagen Beetle, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí ìkarahun. Lọ́dún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù.

Ọkọ̀ kò dún rárá. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà. Bí ìdọ̀tí funfun bá ti bo orí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà tó lọ sára irin ọkọ̀, ẹ tú ìkejì, ẹ ha ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì dè wọ́n padà kí wọ́n le. Bí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ pe rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe.

Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Ẹ wò ó bóyá epo ń dé kábúrétọ̀. Mẹkáníìkì ló ni èyí.

Iná pupa jẹnẹrétọ̀ tàn lójú ọ̀nà. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan ni. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Tó bá já, ooru lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kí ẹ tó délé. Ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, ẹ wo bẹ́líìtì náà. Bí kò bá já, tí kò sì dẹ̀, ó di ọwọ́ rewáyà.

Ẹ rántí bí a ṣe ń sọ ọ́: bátìrì a máa kú, bẹ́líìtì a máa já, ẹ́ńjìnnì a máa nọ́ọ̀kì.