Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́wò Ọtí Eléèéfín

Ẹni tí ó bá gba Àpápá wọ Ajégúnlẹ̀ yóò bá irú ọtí líle méjì pàdé. Èkíní ni wisikí tí ọkọ̀ òkun ń gbé gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá. Èkejì ni ògógóró, tí àwọn Ìlàjẹ, Ìjọ́ àti Úróbò tí ó tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀ mọ̀ láti ilé wọn. Ògógóró ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu wa. Ní ti wisikí, pàápàá èyí tí ó ní èéfín nínú, ọ̀rọ̀ kò tíì tó wa lò. Òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín.

Erékùṣù Islay ní Scotland ni a mọ̀ mọ irú wisikí yìí jù; níbẹ̀ ni Laphroaig ti wà láti 1815. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a rẹ ọkà náà sínú omi, wọn a sì jẹ́ kí ó hù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Kò sí ìdí, nígbà náà, tí a ó fi máa yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún un: ọkà híhù ni. Bákan náà, ẹbu epo àti ẹbu aró kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ jẹ́ kí a pe ibi tí a ti ń ṣe ọtí ní ẹbu ọtí. Èyí tí ó bá wá láti ẹbu kan ṣoṣo, tí ó sì jẹ́ báálì híhù nìkan, a lè pè é ní wisikí ọkà-híhù ẹlẹ́bu-kan.

Iná tí a fi ń gbẹ ọkà náà ni orísun èéfín. Ilẹ̀ dúdú inú àbàtà ni wọ́n ń gé, èyí tí í ṣe ewéko tí ó ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún; wọn a sá a, wọn a sì fi dáná. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pè é ní èédú àbàtà. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé igi tí iná ti jó ni èédú, iná kò sì kan eléyìí rí. Ẹrẹ̀-ìdáná tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ àsìkò tí èéfín wọlé. Igi ni a fi ń dáná sábẹ́ àgbá ògógóró, èéfín a sì bo gbogbo ẹbu. Síbẹ̀ ògógóró kì í ní adùn èéfín, nítorí pé inú àgbá dídé ni ẹmu ògùrọ̀ ti ń hó, inú páìpù tí ó la omi tútù kọjá ni oru rẹ̀ sì ti ń di ọtí. Ti wisikí yàtọ̀: èéfín ti lẹ̀ mọ́ ọkà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí rárá. Bí ẹja yíyan ọjà Bọ́ńdìrì ni ó rí, èyí kì í sì í ṣe àfiwé ẹnu lásán, nítorí pé gúáyákọ́ọ̀lù àti kírẹ́sọ́ọ̀lù wà nínú méjèèjì. Èkíní ni ó ní òórùn iná igi; èkejì ni ó ń mú kí àwọn kan sọ pé ọtí Islay ń run bí ọsibítù.

Ní ti ìtọ́wò, imú ni ó ṣíwájú. Yorùbá a máa gbọ́ òórùn bí ó ti ń gbọ́ ohùn. Ìgbọ́òórùn ni ìpele kìíní, ìtọ́lẹ́nu ni èkejì, àkùsẹ́nu sì ni adùn tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí atúmọ̀ ṣọ́ra fún. Bí a bá kọ ọ́ pé wisikí kan ń rùn, a ti bù ú kù. Bí a bá ní ó ń ta sánsán, a ti yìn ín. Èyí tí kò yìn tí kò sì bú ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fẹ́: ó ní òórùn èéfín. Òórùn àjóná, ti ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì, yàtọ̀ sí i.

Àwọn atọ́wò a máa bu omi là á. Ní 2017, Björn Karlsson àti Ran Friedman ní Sweden fi ìṣirò kọ̀ǹpútà hàn pé bí a bá bu omi là á, gúáyákọ́ọ̀lù a máa sún wá sí ojú ọtí, níbi tí imú yóò ti tètè gbọ́ ọ.

Ọ̀ràn kan kù tí ó ju ti adùn lọ. Ní 2015, àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òndó àti ní Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ ní Òde-Ìrèlè pé ìbínú òrìṣà ni; àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró lọ́dún náà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti ẹ́tánọ́ọ̀lù tí í ṣe ọtí gan-an; imú àti ahọ́n kò lè yà á sọ́tọ̀ bí ó bá ti wọnú ọtí. Inú ara ni ó ti ń di ásíìdì tí ń fọ́ni lójú. Ọ̀rọ̀ ìtọ́wò kankan tí a bá dá kò gbọdọ̀ mú òǹkàwé rò pé ẹni tí ó mọ ọtí í tọ́ wò yóò mọ májèlé inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe pè é ní ọtí igi bí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti ń pè é, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ ọtí igi lè rò pé ti ọ̀pẹ tàbí ti ògùrọ̀ ni, kí ó sì gbé e mu. Májèlé-inú-ọtí ni mo dábàá.