Oyè Ìjàkadì Ẹlẹ́ni-méjì ti Gbogbo Éṣíà

Láàrin àwọn oyè tí àwọn oníjàkadì ń du ní ilẹ̀ Japan, ọ̀kan wà tí ó dàgbà ju gbogbo àwọn ìyókù lọ. Oyè Ìjàkadì Ẹlẹ́ni-méjì ti Gbogbo Éṣíà ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1955 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún kẹwàá lẹ́yìn tí Japan túúbá nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ tí ó dá a sílẹ̀ ti fọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jà fún un ti kú. Ìgbà kan wà tí ó ṣófo fún ọdún mélòó kan láìsí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó parun. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ fún ìjíròrò ni pé irú ìjàkadì yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń mọ ẹni tí ó lágbára jù. Àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ ti máa ń pinnu ẹni tí yóò borí kí àwọn oníjà tó wọ agbo. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè bèèrè pé: oyè tí a ti mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kí a tó jà fún un, ǹjẹ́ ó lè ní ìtàn?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí ìjà náà ti rí. Nínú gídígbò ti Yorùbá, bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ti àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Èjìká méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ títí rẹfirí yóò fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹni méjì ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó ní ẹ̀tọ́ láti jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn okùn, ní igun tiwọn, yóò na ọwọ́. Bí ẹni tí ń jà bá ti lè fi ọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, yóò jáde, ẹni tí ó ti sinmi yóò sì wọlé. Inú ìnawọ́ yìí ni adùn ìjà náà wà. Oníjà tí wọ́n ti lù bí ẹni lu bàrà yóò máa wọ́ lọ sí igun rẹ̀, àwọn ọ̀tá yóò máa fi ẹsẹ̀ fà á padà, àwọn òǹwòran yóò sì máa kígbe. Ẹni tí kò mọ òfin kan nínú òfin ìjàkadì yóò mọ ohun tí ó ń lọ.

Irú ìjà ẹlẹ́ni-méjì yìí ni ó sọ ìjàkadì di ohun ńlá ní Japan, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ó sì gbé e dé ibẹ̀. Ní 1953 ni NHK àti Nippon Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Owó ẹ̀rọ kan kọjá agbára òṣìṣẹ́ lásán nígbà náà, nítorí náà Nippon Television gbé àwọn ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ojú òde, ní iwájú ibùdókọ̀ ojú irin àti ní gbàgede, kí ará ìlú lè máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì 1954, Rikidozan àti Masahiko Kimura dojú kọ Ben àti Mike Sharpe ní gbọ̀ngàn Kuramae Kokugikan ní Tokyo. Ọmọ Kánádà ni Sharpe méjèèjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ṣùgbọ́n lójú èrò tí ó kún ojú òde, Amẹ́ríkà ni wọ́n. Amẹ́ríkà tí ó ṣẹ́gun, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ṣàkóso ilẹ̀ wọn títí di 1952. Rikidozan kò ga tó wọn. Nígbà tí ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gé wọn láyà bí ẹni fi àdá gé igi, ariwo ta ní ìgboro.

Àwọn tí ń pariwo náà kò mọ̀ pé akọni wọn kì í ṣe ọmọ Japan ní ìbí. Kòríà ni wọ́n ti bí i ní 1924, ní apá tí ó di Kòríà Àríwá lónìí, Kim Sin-rak ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Kòríà wà lábẹ́ àkóso Japan ni ó wá jà sumo, ìjàkadì ìbílẹ̀ àwọn ará Japan, ó sì dé ipò gíga níbẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀ ní 1950. Ìtàn tí wọ́n sọ fún aráyé ni pé ọmọ ìlú Omura ní agbègbè Nagasaki ni. Ó kú tán kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Japan tó mọ òtítọ́ náà. Ẹni tí ilẹ̀ kan fi ń tu ara rẹ̀ nínú lẹ́yìn ìṣẹ́gun, ọ̀dọ̀ àwọn tí ilẹ̀ náà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ti wá. Bí a bá ń sọ pé ìjà inú agbo jẹ́ àdéhùn, ohun tí ó fara sin jù lọ nínú ìtàn yìí kò ṣẹlẹ̀ nínú agbo rárá.

Ọ̀rọ̀ Kimura náà kò ṣeé fò. Ọ̀gá ni nínú judo, ṣùgbọ́n nínú ìjà pẹ̀lú àwọn Sharpe, òun ni wọ́n máa ń dá, Rikidozan ni ó máa ń gba ògo. Kò dùn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún náà gan-an, àwọn alábàáṣepọ̀ méjì náà bá ara wọn jà. Kimura sọ lẹ́yìn náà pé àdéhùn àwọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe borí; Rikidozan da àdéhùn náà, ó sì lù ú títí tí kò fi lè dìde mọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé àdéhùn kì í mú ara rẹ̀ ṣẹ. Ènìyàn ni ó ń mú un ṣẹ, ènìyàn sì ni ó ń bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ẹgbẹ́ Rikidozan, Japan Wrestling Association, pe ìdíje Éṣíà ní oṣù kọkànlá 1955. Orúkọ Éṣíà ti wà lẹ́nu gbogbo ayé ní ọdún yẹn, nítorí pé ní oṣù kẹrin rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè 29 láti Éṣíà àti Áfíríkà pàdé ní Bandung ní Indonesia. Ẹni tí ó bá retí pé Rikidozan ni yóò kọ́kọ́ jẹ oyè ẹlẹ́ni-méjì náà yóò ṣì í. Òun àti Harold Sakata, ọmọ Hawaii tí ó jẹ́ ìran Japan, tí ó sì ti gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún irin gbígbé ní Olympic 1948, ni wọ́n pàdánù nínú ìjà àṣekágbá. Tiger Joginder Singh láti Íńdíà àti King Kong ni wọ́n gbé oyè náà lọ. King Kong yìí, Emile Czaja ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Hungary ni. Íńdíà àti Singapore ni ó ti sọ ara rẹ̀ di olókìkí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹni méjì tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ oyè Éṣíà jẹ́ ọmọ Yúróòpù.

Èyí kò ṣòro láti túmọ̀. Oyè tí ó bá ti wà nílé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní ìrìn kankan láti rìn. Èyí tí àlejò bá gbé lọ ni àwọn òǹwòran yóò máa retí ìpadàbọ̀ rẹ̀, tí wọn yóò sì máa sanwó nítorí ìrètí náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ń yọ ojú. Bí ìjà bá jẹ́ ti agbára lásán, orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ oyè yóò sọ fún wa ẹni tí apá rẹ̀ le jù. Nítorí pé ó jẹ́ ti àdéhùn, orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpinnu tí àwọn kan jókòó ṣe, tí wọ́n sì ní ìdí fún un. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ wọ̀nyí tẹ̀léra ń ka ohun tí àwọn alákòóso ń bẹ̀rù, ohun tí wọ́n ń retí, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ojú ayé mọ̀. Bí onítàn ti ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ ìlú náà nìyí.

Ó pẹ́ kí oyè náà tó padà sílé. Ọdún 1960 ni Rikidozan àti Toyonobori, òun náà oníjà sumo tẹ́lẹ̀, gbà á. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 1963, wọ́n gún Rikidozan ní ọ̀bẹ nínú ilé ijó kan ní Tokyo. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹni ọdún 39. Ní 1964 Toyonobori mú ẹlòmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gíga rẹ̀ tó mítà méjì ó lé díẹ̀, tí ó ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball rí: Giant Baba. Láti ìgbà náà ni ìlò oyè yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so àgbà pọ̀ mọ́ ọ̀dọ́. Michiaki Yoshimura, tí wọ́n bí ní 1926, jẹ ẹ́ pẹ̀lú Antonio Inoki, tí wọ́n bí ní 1943. Àgbà náà ni yóò jìyà ní àárín agbo, ọ̀dọ́ ni yóò wọlé wá parí iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni, ní ojú gbogbo ènìyàn.

Baba àti Inoki, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà ní oṣù kẹsàn-án 1960, jọ jẹ oyè ẹlẹ́ni-méjì mìíràn tí ó ga ju ti Éṣíà lọ ní 1967. Wọn kò lè gbé inú ilé kan náà pẹ́. Wọ́n lé Inoki kúrò nínú ẹgbẹ́ ní oṣù kejìlá 1971, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, New Japan, sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni ó fọ́ ìyókù. Ilé-iṣẹ́ méjì ni ó ń fi ìjà ẹgbẹ́ náà hàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ gbà kí ilé-iṣẹ́ kejì máa fi ìjà Baba hàn pẹ̀lú, Nippon Television bínú, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní 1972. Baba náà jáde, ó dá All Japan sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, Nippon Television sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹrin 1973, ẹgbẹ́ Rikidozan kógbá sílé. Ohun tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán gbé ga ní ojú òde Tokyo, òun náà ni ó yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ tí ó fi wó.

Oyè Éṣíà wà láìní onílé fún ọdún mẹ́ta. Ní 1976 ni Baba gbé e dìde nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e sí ipò orí. Òun fúnra rẹ̀ àti Jumbo Tsuruta ti gba oyè tí ó ga jù lọ́wọ́ Dory Funk Kékeré àti Terry Funk ní Texas ní 1975. Ti Éṣíà di ti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Great Kojika àti Motoshi Okuma, tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ rí, ni wọ́n di í mú jù lọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn tí wọ́n ka ipò kejì sí ìtìjú kò wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Lórí oyè tí ó ga jù, Baba kò lè fi ẹni tí ayé kò tíì mọ̀ dánra wò. Lórí èyí, ó lè ṣe é.

Èso ìdánwò yìí hàn láti 1988. Toshiaki Kawada àti Hiromichi Fuyuki jẹ ẹ́ ní ọdún náà. Ní 1989 Doug Furnas ará Amẹ́ríkà àti Dan Kroffat ará Kánádà gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn méjì yìí ni wọn yóò wá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìjà tí àwọn olólùfẹ́ ìjàkadì kò tíì gbàgbé nínú ìtàn oyè náà ṣẹlẹ̀ ní Sendai, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1992. Kenta Kobashi àti Tsuyoshi Kikuchi ni wọ́n wá bá Furnas àti Kroffat. Kikuchi kéré lára, ṣùgbọ́n Sendai ni ìlú rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà ní gbọ̀ngàn ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jù ú sókè, wọ́n là á mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ Kobashi, wọ́n ń fà á padà. Bí ó bá ti gbé èjìká kan sókè kí rẹfirí tó ka ẹ̀ta, ńṣe ni ilé ń mì. Nígbà tí wọ́n borí, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ìpò kejì ni oyè náà wà. Kobashi àti Kawada di olórí iṣẹ́ yìí ní gbogbo Japan lẹ́yìn náà.

Baba kú ní oṣù kìíní 1999. Ní 2000, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ mọ́ láàrin Mitsuharu Misawa àti opó Baba tí ó ni ẹgbẹ́ náà, Misawa kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn oníjà lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Nippon Television tún bá ẹni tí ó jáde lọ, bí ó ti ṣe ní 1972. Nínú àwọn oníjà ọmọ Japan, méjì péré ni ó kù: Kawada àti Masanobu Fuchi. Ní 2001 ni oyè Éṣíà tún rí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Fuchi kò tún lọ síbòmíràn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá 2016, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 62, òun àti Atsushi Onita du oyè náà, wọ́n sì gbà á. Ilé Baba ni àwọn méjèèjì ti kọ́ iṣẹ́ ní ọ̀dọ́, kí Onita tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1989. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1974, tí Fuchi kọ́kọ́ wọ agbo gẹ́gẹ́ bí oníjàkadì, Onita ni ó bá jà. Ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn náà, igun kan náà ni wọ́n dúró sí, tí èkíní ń na ọwọ́ sí èkejì.