Aṣọ Chelsea ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí Gánà lu Nàìjíríà: Ohun tí ojú ọmọ kíláàbù ń rí ní Tamale

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2008. Ikọ̀ mẹ́jọ ló kù nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, AFCON, tí Gánà gbàlejò rẹ̀. Gánà àti Nàìjíríà fẹ́ kojú ara wọn nílùú Accra. Àwa kò sí ní Accra. Jisonayili la wà, ní Tamale, níwájú ilé tí mo háyà yàrá sí. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sórí àga, wọ́n sì fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé.

Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tí àwa márùn-ún máa ń jókòó lé. Lọ́jọ́ Sátidé tí Chelsea bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹni tí ẹnì kejì ń ṣe, nítorí ohun kan náà ni gbogbo wa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe jáde, Afa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wo aṣọ ọrùn mi, ó rẹ́rìn-ín. (Afa ni wọ́n ń pe ààfáà níbí. Ó sún mọ́ tiwa débi pé n kò ní láti kọ́ ọ.) Èdè Hausa ló fi bi mí pé: "Ta ni ìwọ ń ṣe lónìí?"

Aṣọ Chelsea ni mo wọ̀, mo sì mọ ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́. Michael Essien wà nínú ikọ̀ Gánà, John Obi Mikel wà nínú ti Nàìjíríà. Ọmọ Chelsea ni àwọn méjèèjì. Mo dá Afa lóhùn pé ẹni yòówù kó borí, ilé mi ni ayọ̀ ń bọ̀.

Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Ìbéèrè tó lé bàbá bàbá mi padà sílé

Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè náà. Àwọn Yorùbá ti pẹ́ ní àríwá Gánà. Láti ayé Gold Coast ni wọ́n ti ń ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ìlọrin àti Ọ̀fà wá, tí wọ́n ń tajà láti ìlú kan dé òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá bàbá mi. Tamale ni wọ́n bí bàbá mi sí.

Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Dagbani ju Yorùbá lọ, di ẹrù wọn. Bàbá bàbá mi ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpótí méjì. Nígbà tó di ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà náà láti lé àwọn ará Gánà, tí báàgì onílà yẹn fi ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí dòní. Kò sí èyí tó lè yọ èkejì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èmi padà wá ní 2004, mo ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ Tamale, nítorí náà ọjà ń yá. Ìwé mi pé. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá bi mí pé ta ni mò ń ṣe, inú mi máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ti ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lójú títì.

Chelsea ló gbà mí. Lọ́dún 2005, wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn fún Lyon lórí Essien, owó tí kíláàbù náà kò tíì ná rí lórí agbábọ́ọ̀lù kan. Didier Drogba ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Mikel àti Salomon Kalou dé ní 2006. Kò pẹ́ tí aṣọ búlúù fi kún àdúgbò wa. Nínú Dagbani, "yili" tó wà nínú Jisonayili, ilé ni, àmọ́ kò sí ọmọ ilé kankan lórí bẹ́ǹṣì Chelsea. Kò sí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Gbogbo wa la yàn án, kò sì sí ẹni tó dé ibẹ̀ ṣáájú mi débi tó fi lè sọ pé kí n máa lọ sílé.

Oṣù tí kíláàbù kò ní ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọmọ kíláàbù kì í fi tayọ̀tayọ̀ wo ìdíje àárín orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn yòókù ń ka ọjọ́ tí AFCON máa bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń lọ ni èmi ń kà: Essien, Mikel, Drogba, Kalou. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ní oṣù kìíní, nígbà tí Premier League gbóná janjan.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Accra yẹn, Chelsea gbá ọ̀mì 1-1 nílé Portsmouth. Nígbà tí sáà parí, Manchester United gba líìgì pẹ̀lú àmì 87. Chelsea ní 85. N kò sọ pé AFCON ló fà á o. Sulley Muntari àti Kanu Nwankwo ti Portsmouth náà wà ní Gánà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìṣirò àmì méjì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà tí oorun kò bá kùn mí.

Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tuntun sí Tamale fún ìdíje náà, èyí tí wọ́n padà fi orúkọ Aliu Mahama, igbákejì ààrẹ Gánà tẹ́lẹ̀, pè. Tunisia, Àǹgólà, Senegal àti South Africa ni wọ́n kó sí ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, mo lọ wo Àǹgólà àti Senegal. Senegal ló kọ́kọ́ gbá a sáwọ̀n. Lẹ́yìn ìsinmi, Manucho gbá méjì wọlé, Àǹgólà sì borí pẹ̀lú 3-1.

Manchester United ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Manucho ni. Kò tíì wọ aṣọ wọn wọ pápá rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ United tó jókòó ní ìlà wa, ọmọ Tamale pọ́ńbélé, ń pariwo bí ẹni tí wọ́n bí sí Luanda. Bí ẹ bá gbé àwòrán ayé síwájú wọn, ìdajì wọn kò ní lè fi ìka tọ́ ibi tí Àǹgólà wà. Nígbà tó yá, ìgbà tí Manucho gbá bọ́ọ̀lù fún United kò tó ìka ọwọ́ kan.

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí a fi délé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló kàn mí.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù kan àwọ̀n

Ìṣẹ́jú 35, Nàìjíríà rí pẹ̀nárítì gbà. Yakubu Aiyegbeni dúró ti bọ́ọ̀lù. Everton ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, nítorí náà kò kàn mí. Mo ti pinnu, mo ti sọ fún Afa. Àfi ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan àwọ̀n tí mo rí i pé èmi nìkan ni mo wà lórí ìdúró. Ara mi ti dìde kí n tó ronú. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí. Mo jókòó padà.

Kí àbọ̀ àkọ́kọ́ tó parí, Essien fi orí kan ti Gánà wọlé. Bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Mo bá wọn pariwo, nítorí góòlù ọmọ wa ni, mo sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Afa na ìka sí mi láàárín ariwo náà: "Èyí ńkọ́? Ti ta ni èyí?"

Ní àbọ̀ kejì, wọ́n fún John Mensah, balógun Gánà, ní káàdì pupa. Gánà ku mẹ́wàá. Mo rò pé ó ti parí fún wọn. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méje, Junior Agogo gbá èkejì wọlé. Agogo! Ẹ sọ fún mi, Yorùbá wo ló máa gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní mọ̀ pé ó ti dún? Gbogbo Jisonayili ló gbọ́ ọ. (Ọkùnrin náà kú lọ́dún 2019 ní ẹni ogójì ọdún. Mo ti dárí jì í kó tó kú.)

Mo wọ inú yàrá mi, mo bọ́ aṣọ náà, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Afa rán ọmọ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú tuo zaafi àti ọbẹ̀ nínú abọ́. Kò rán ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn.

Orúnkún Essien, orúnkún Fatawu

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù kò tíì dé. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2008 yẹn kan náà, Essien lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Gánà ní Tripoli. Líbíyà na Gánà 1-0, orúnkún Essien sì bàjẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ oṣù ló fi jókòó sílé. Lóṣù kìíní 2010, ó tún lọ sí AFCON ní Àǹgólà, ó tún farapa níbi ìgbáradì. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà yẹn. Inú bí mi sí Gánà bí ẹni tó yá aládùúgbò ní kẹ̀kẹ́, tó sì rí i tí wọ́n ń tì í bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìfarapa yẹn ni kò jẹ́ kí Essien lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní South Africa. Nígbà tí Luis Suárez ti Uruguay fi ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù padà lójú ilé, tí pẹ̀nárítì Asamoah Gyan sì ba irin òkè, bẹ́ǹṣì wa dákẹ́ bí ilé òkú. Afa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí Essien bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Mo ní Chelsea ló ń san owó rẹ̀, àwọn ló pàdánù jù. Ó ní ìyá tó bí i kì í ṣe ọmọ Chelsea.

N kò tíì rí èsì fún un títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó padà wá sí ilé àwọn tó ni ìlú. Abdul Fatawu Issahaku, ọmọ Tamale, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Steadfast níbí, ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nígbà tí Gánà gba ife àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ ní 2021. Nígbà tó dé Leicester City, aṣọ Leicester ṣàdédé yọ ní Jisonayili, láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé Leicester sí. Lóṣù kọkànlá 2024, ó lọ jẹ́ ìpè Black Stars. Orúnkún rẹ̀ já, sáà rẹ̀ parí. Gánà kò borí nínú ọ̀kankan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi wá ọ̀nà AFCON 2025, wọn kò sì lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó wá tún ọ̀kadà ṣe ń sọ. Kí ni wọ́n pè é fún? Ta ló máa tọ́jú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní 2008 ni, Dagbani ni wọ́n kàn fi ń sọ ọ́. Mo dákẹ́. Mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀ nínú mi, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ibi tó ti ń tì mí lójú

Kíláàbù kan wà tó jẹ́ ti Tamale gan-an, Real Tamale United. Abedi Pele gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó sì wà nínú ikọ̀ Gánà tó gba ife Áfíríkà ní Líbíyà lọ́dún 1982, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ. Lọ́dún 2024, RTU tún já kúrò ní líìgì àgbà. Mo máa ń lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí mo bá ka owó tí mo ti san ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láti wo Chelsea, tí mo sì ka èyí tí mo ti san ní ẹnubodè pápá Aliu Mahama, n kì í ka àkàparí. Chelsea kò mọ̀ pé mo wà láyé. Àwọn RTU, mo ti ta púlọ́ọ̀gì fún méjì nínú wọn.

Áàbújá, Rabat, lẹ́yìn náà England

Lóṣù kẹta 2022, nígbà tí Gánà àti Nàìjíríà ń du ọ̀nà Qatar, wọ́n gbá ọ̀mì 0-0 ní Kumasi àti 1-1 ní Áàbújá. Góòlù tí Gánà gbá nílé onílé ló gbé wọn lọ. Èmi nìkan ni mo wo èyí, nínú yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọmọ Chelsea kankan tí mo lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti 2026 tún yàtọ̀. Gánà na Comoros 1-0 lóṣù kẹwàá 2025, wọ́n pegedé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, DR Congo fi pẹ̀nárítì lé Nàìjíríà padà sílé láti Rabat. Nígbà tí wọ́n sì pín ìsọ̀rí, Gánà bọ́ sí àárín England, Croatia àti Panama. England, níbi tí Cole Palmer àti Reece James ti wá! Afa ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kò béèrè ìbéèrè rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ mi ló béèrè. Tamale ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 11 ni. Ó ti ra aṣọ Black Stars, ó ní: "Bàbá, ẹ ra tiyín náà, ká jọ wọ̀ ọ́." Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo iye ọmọ Chelsea tí England máa kó wá.

Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.