Kí Ẹ Tó Kó Ìdílé Kúrò ní Ìgboro Lọ sí Etí Òkun

Owó ilé ti di ẹrù tó ń wọ ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́rùn ní Èkó. Òfin àyálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀, onílé tó ń béèrè owó ọdún méjì ṣì wà káàkiri, ká má tíì sọ ti owó èjẹ́ǹtì àti owó agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yàrá méjì tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń há ara wọn mọ́ ni owó náà rà. Kò yani lẹ́nu pé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo ọ̀nà etí òkun: Badagry àti àwọn abúlé tó yí i ká, Ìbẹ̀jú, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé gbòòrò wà níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹja tútù ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú ìkòkò. Èmi gbà pé kíkó lọ sí etí òkun lè ṣe ìdílé láǹfààní, ṣùgbọ́n owó ilé kọ́ ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ibi tí oúnjẹ òòjọ́ ìdílé náà ti ń wá yóò bá wọn kó. Bí ohun tí wọ́n ń jẹ bá kù sí ìgboro, wọn kò tíì kúrò ní ìgboro. Ìrìn ni wọ́n fi kún ìrìn.

Ẹ jẹ́ ká fi Badagry ṣe àpẹẹrẹ. Láti àárín Èkó dé ibẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ojú ọ̀nà náà, àwọn tó ń gbà á kọjá lójoojúmọ́ sì mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Marina dé Mile 2 péré ni, kìlómítà 13. Akọ̀wé tó ń gbé ní Badagry tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina ní láti jí kí àkùkọ tó kọ, kó gun kẹ̀kẹ́ jáde sí títì, kó wọ dáńfó, kó la ibùdó àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bọ́ sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, kó tó dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí yóò bá fi padà délé, àwọn ọmọ ti sùn. Ẹ tún wo owó ọkọ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Ní Oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá 1,000. Ohun tí ìdílé rò pé òun fi pamọ́ lórí owó ilé, dẹ́rẹ́bà ni yóò gbà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò ṣeé fowó rà ni wákàtí tí òbí ì bá fi wà pẹ̀lú ọmọ, bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ la ṣe ní a fẹ́ kó lọ.

Ta wá ni kíkó lọ yìí tọ́ sí? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a rìn ni. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé déédéé lè lọ. Nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tó ti gba ìwé ìgbéṣípò sí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ lè lọ. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ náà lè lọ, bí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé iná wà àti pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní já a kulẹ̀. Ilẹ̀ àgbọn ni Badagry. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe àdín àgbọn tàbí bí a ṣe ń ta á lọ sí ọ̀nà jíjìn lè rí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ pé, bí òun bá ti dé ọ̀hún, òun yóò máa pẹja, kó tún inú rò. Láti kékeré ni ọmọ Ògù àti ọmọ Ìlàjẹ ti mọ ìgbì, wọ́n mọ ìgbà tí òkun ń bínú àti ibi tí àwọ̀n ti ń fà ya. Ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n kì í ṣe owó kékeré, ẹ́ńjìnnì náà sì ń mu epo. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní ààrò tiwọn, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní oníbàárà tó ti ń bá wọn rà á bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Àlejò lè wọ inú òwò náà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ lóṣù kan, kò sì ní jẹ́ láìsí ẹni tó mú un mọ ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìlera ló tẹ̀lé e. Nínú ìlú Badagry fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìjọba wà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 sì wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà kan náà. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú rénà. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò nínú ìlú, tí a sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, níbi tí etí òkun gan-an wà, nǹkan yí padà. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bí aláboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, omi ló wà láàárín òun àti dókítà, bẹ́ẹ̀ ìjọba Èkó kò fàyè gba kí ọkọ̀ ojú omi akérò máa rìn lóru, nítorí ẹ̀mí tó ti bá a lọ. Ìdílé tó ní ọmọ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń yọ lẹ́nu, tàbí àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò gbọdọ̀ fi ẹwà òkun bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀.

Òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní etí òkun wa, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni ìgbì ń gbé yanrìn. Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà Èkó, kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa wọlé. Òkúta náà dí ọ̀nà yanrìn. Yanrìn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn, níbi tí Bar Beach wà nígbà náà, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní Oṣù Kẹjọ 2012, ìgbì wọ ilé àwọn tó ń gbé ní etí òkun Kúrámò lóru, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ayétòrò tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tó lókìkí nígbà kan nítorí pé gbogbo ará ìlú ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹ pọ̀, ti pàdánù ilé àti ilé ẹ̀kọ́ sínú òkun, iṣẹ́ ìdènà òkun tí ìjọba lóun gbé jáde kò sì gbà wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, etí òkun kan kò dà bí èkejì. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ lọ bá àgbàlagbà ibẹ̀, kí ẹ ní kó fi ọwọ́ júwe ibi tí omi dé nígbà èwe rẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́ sí àárín agbami, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Níbi tí òkun kò bá jẹ ilẹ̀, iyọ̀ ń jẹ ilé. Ẹ gbójú sókè wo òrùlé páànù ní abúlé etí òkun: orí ìṣó ló kọ́kọ́ ń dípẹtà, ìpẹtà náà á ràn yí i ká, páànù á lu ihò níbẹ̀, atẹ́gùn á sì ká a. Fáànù, fìríìjì àti ẹ̀rọ amúnáwá kì í pẹ́ níbẹ̀ bíi ti ìgboro. Bí kọnkéré bá sán díẹ̀, atẹ́gùn oníyọ̀ á wọ inú rẹ̀ lọ bá irin. Omi mímu tún gba ọgbọ́n. Omi òjò tó rì sínú yanrìn fúyẹ́ ju omi òkun lọ, ó sì ń léfòó lé e lórí nínú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí kànga tí kò jìn fi lè ní omi dídùn ní tòsí òkun. Bí a bá wá gbẹ́ ẹ jù, tàbí tí a fi ẹ̀rọ fà á láìdáwọ́ dúró, omi iyọ̀ á gòkè wá bá a: ọṣẹ kò ní hó mọ́, tíì á sì máa ta iyọ̀ lẹ́nu. Ẹ tọ́ omi wò ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kò tíì bù kún un.

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tún ní òfin láti bá pàdé. Láti 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà ìwé ẹbí nìkan kò tó. Ní 2016, Èkó ṣe òfin tó ka ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ọ̀ràn, àmọ́ òfin kò ní dúró ní ìdí fẹ́ǹsì yín lóru. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar ní 2024, wọ́n sọ pé ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 250 sí òkun, tiwọn ni. Wọ́n sì wó ilé òwò ní etí òkun Oniru. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín yàn yẹ ìwé wò, kì í ṣe èyí tí olùtà mú wá.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó bá dúró yóò kábàámọ̀, torí ilẹ̀ Ìbẹ̀jú tí wọ́n fi tà lọ́pọ̀ nígbà kan ti gbówó lórí látìgbà tí èbúté Lẹ́kkí ti ṣí ní 2023 tí ilé ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ríra ilẹ̀ pamọ́ yàtọ̀ sí kíkó ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó lágbára lè rà, kó sì máa gbé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn mìíràn yóò ní àgbàrá ń wọ ilé ní Èkó náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àgbàrá Èkó ń fà, ilẹ̀ tí òkun bá jẹ kì í padà. Èyí tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń béèrè pé, bí etí òkun bá le tó báyìí, báwo ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé e? Wọ́n ń gbé e nítorí pé iṣẹ́ wọn, ẹbí wọn àti ìmọ̀ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n mọ kànga tó dùn, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa ké sí lóru. Ohun tí àlejò kò ní gan-an nìyẹn, òun náà sì ni èmi ní kó kọ́kọ́ wá.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdílé tó fẹ́ lọ, kó háyà ilé fún ọdún kan ní ẹ̀yìn ọ̀sà tàbí nínú ìlú, kì í ṣe lórí yanrìn. Kó la òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá níbẹ̀ kó tó ra ilẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá ti rí iṣẹ́ tí yóò máa mówó wọlé níbẹ̀ kí ẹrù tó wọ ọkọ̀. Kí wọ́n kí baálẹ̀, kí àwọn ọmọ sì kọ́ èdè àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Bí èyí bá ṣeé ṣe fún yín, ẹ lọ, ayé gbẹdẹmukẹ wà níbẹ̀. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ dúró síbi tí ẹ wà, kí ẹ fi sùúrù wá iṣẹ́ tó lè bá yín kó.